Ìyá Eléwé Tó Dúró De Òdòdó

Ọdún 1946 ni a bí màmá wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, káfíńtà ọmọ káfíńtà. Aránṣọ ni ìyá wọn. Orí kunkun ni màmá fi jọ bàbá wọn.

Lọ́dún 1965, wọ́n wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ ewéko. Àwọn ará àdúgbò rò pé àgbo ni wọ́n fẹ́ lọ máa tà, ni wọ́n bá sọ wọ́n ní Ìyá Eléwé. Bàbá wọn fá pákó méjì fún wọn láti máa fi tẹ ewé kó lè gbẹ láìká.

Ọdún 1972 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, olùkọ́ ìṣirò, tó máa ń ráhùn pé ewé ti lé aṣọ òun jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo ni màmá ti kọ́ni títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Òfin wọn ni pé ẹ má fún igi lórúkọ láìrí òdòdó rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pe akẹ́kọ̀ọ́ ní olódo, wọ́n á ní, "Kò tíì tanná ni."

Igi kan wà lẹ́yìn kíláàsì wọn tí ẹnikẹ́ni kò rí òdòdó rẹ̀ rí. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní igi etí odò lásán ni; màmá ní irọ́ ni, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Lọ́dún 1998, kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ gé e kí wọ́n lè ríbi gbọ́kọ̀ sí. Màmá gbé àga sídìí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kọ́ni, oòrùn ìbáà ràn, òjò ìbáà ṣú. "Ẹ kọ́kọ́ gbé mi kúrò ná," ni wọ́n sọ fún agégi. Agégi gbé ayùn rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Wọ́n kọ́ àwọn ọmọdé nínú ìjọ, wọ́n sì gbin igi síwájú ilé ìwòsàn kí aláìsàn lè ríbòji.

Lóṣù tó kọjá, igi ẹ̀yìn kíláàsì náà tanná. Àìsàn ti dá wọn gúnlẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ní dandan ni ká gbé àwọn lọ sídìí rẹ̀. Wọ́n wo òdòdó náà títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní ká pe ọ̀gá àná lórí fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ jàre. Igi etí odò ni."

Ó dùn wá pé wọ́n jìyà lásán, a sì sọ ọ́. Wọ́n wò wá bí ẹní wo òpè: "Ká ní wọ́n ti gé e, ta ni ìbá mọ̀?"

Wọ́n fi bàbá wa sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta, nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì àti olùkọ́, pẹ̀lú àwọn ọmọọmọ. Òdòdó tí a já lọ́jọ́ náà ṣì wà láàárín pákó méjèèjì tí bàbá wọn fá. Tó bá gbẹ, orúkọ tí ọ̀gá pè é la ó kọ sí i, bí wọ́n ṣe pàṣẹ.

Ẹ sùn re o, Ìyá Eléwé. Kí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ràn yìí rọ̀ yín lọ́rùn.