Ìpè Tí A Kò Dáhùn ní Ajue

Ọjọ́ Ajé, 21 Ọ́gọ́ọ̀sì 1967
Ajue. A ti sá dé oko ìyá ọkọ mi. Ṣọ́jà Bìáfírà ti wọ Ọ̀rẹ̀. Kóówá ń di ẹrù, kóówá ń pe ọmọ rẹ̀. Èmi tíṣà ọmọ Ìṣẹ́yìn, tí ìjọba gbé wá kọ́ ọmọ níwèé, èmi náà ru ẹní lórí. Ẹ̀rù bà mí débi pé bàtà mi kan bọ́ sọ́nà, mi ò mọ̀. Adú — Ìbídàpọ̀ ọkọ mi — ń fi mí rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni. Àyà òun náà ń já.

Ọjọ́rú, 23
Ìyá Dákẹ́ — bí mo ṣe ń pe ìyá ọkọ mi nínú ìwé yìí, torí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn — kọ́ mi ní òfin ibí. Ẹni tó bá ń ti igbó bọ̀ gbọ́dọ̀ ké "húùù" kó tó sọdá odò, kí ọdẹ má baà rò pé ẹran ni. Ará ilé á dá a lóhùn, òun náà á wá máa bọ̀. Bí wọn ò bá dáhùn, kó má wọlé o. Nǹkan ti ṣe nílé nìyẹn.
Adú ké tirẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ohùn bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì! Inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀, 24
Iyọ̀ tán. Adú ní òun á yọ́ lọ wá a lápá Ọ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọbẹ̀ mi ò dùn tẹ́lẹ̀, ká má tún wá yọ iyọ̀ kúrò níbẹ̀. Ó lọ. Olórí kunkun.

Ọjọ́ Ẹtì, 25
Kò tíì dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26
Ṣọ́jà wà létí odò wa! Fọlárìn tó ń dá ẹmu ké "húùù" láàárọ̀ — ìbọn ló dá a lóhùn. Ọta ha á létí. Ó ní tìjọba wà lápá ibí, Bìáfírà lápá ọ̀hún, wọ́n lúgọ de ara wọn nínú kòkó. Bàbá Rufus, olórí ọdẹ, ní kí ẹnikẹ́ni má ké mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì dáhùn.
Ta ni yóò sọ fún Adú? Mo ní kí wọ́n rán ènìyàn sí i lọ́nà. Bàbá Rufus wò mí: "Tíṣà, ọmọ ta ni ká rán?"
Olúwa, jẹ́ kí ó gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.

Ọjọ́ Àìkú, 27
Ó ké.
Nírọ̀lẹ́, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ohùn Adú ni, lódìkejì odò. Mo la ẹnu — Ìyá Dákẹ́ gbá mi mú, wọ́n fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Wọ́n sọ ọ́ sí mi létí pé bí mo bá dáhùn, yóò máa bọ̀, àárín ìbọn ni yóò sì bọ́ sí. Bí a bá dákẹ́, yóò pa dà. Ó tún ké. Ìyá tẹ ọwọ́ mọ́ mi lẹ́nu sí i. Ó ké lẹ́ẹ̀kẹta, ó pe orúkọ mi mọ́ ọn: Monílọ́lá! Mo gé ìyá ọkọ mi jẹ. Wọn ò jọ̀wọ́ mi.
Lẹ́yìn náà, ìbọn. Kò pẹ́ rárá. Kò ju kí èèyàn jẹ iṣu tán lọ. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 28
Àwọn ọdẹ lọ wò. Òkú ṣọ́jà méjì nínú odò. Ọ̀kan ò tíì hu irùngbọ̀n. Àwọn yòókù ti lọ. Wọn ò rí Adú. Iyọ̀ ni wọ́n rí, ó dà sínú ẹrẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29
Mo fi omi gbígbóná wẹ ọwọ́ Ìyá níbi tí mo ti gé wọn jẹ. Wọn ò bá mi wí.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà
Ó wà láàyè! Péjú, ọmọ Bàbá Rufus tó lọ́kọ sí Araromi-Obu, ló dé. Òun fúnra rẹ̀ rí i. Mo ti ń jó kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní kí n jókòó.
Adú dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú ẹkún. Ó ní òun ké títí, ẹnikẹ́ni ò dá òun lóhùn, òun sì gbọ́ ìbọn; ó gbà pé wọ́n ti pa wá tán. Wọ́n ní kó dúró, káwọn rán ènìyàn wá wò. Kò gbà. Ó fá orí rẹ̀. Láàná, ọkọ̀ ṣọ́jà ìjọba ń kọjá lọ sápá Òfósù, níbi tí ogun ti le, wọ́n ń wá ẹni tó mọ ọ̀nà igbó. Òun ló kọ́kọ́ gun ọkọ̀.
Péjú bi í pé ìgbà wo ni yóò pa dà. Ó ní, sọ́dọ̀ ta ni?