Igbe Àárọ̀ Yìí Kì Í Ṣe Ti Ebi

Zuweira ìyàwó mi,

Tí o bá jí kí n tó dé, má lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wo orí Mutala, lẹ́yìn etí òsì. Ó wú.

Igbe tí o gbọ́ nígbà tí o ń wẹ̀, kì í ṣe ti ebi. O pariwo pé, "Màmá, kí ló ń ṣe é?" Mo ní, "Ebi ni, ọkọ mi alájẹkì!" O rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni mo pa.

Orúnkún ń dùn mí, n kò lè na ẹsẹ̀ kí n tẹ́ ọmọ lé e bí a ti ń ṣe. Mo gbé e sórí tábìlì tí ẹ fi ń lọ aṣọ. O ti kìlọ̀ pé kí n má fi òrí pa á kí n tó wọ pámpásì fún un. Mo pa á. Etí pámpásì ò wá lẹ̀ mọ́. Ó ń yí, ó ń tapá, ó ń tasẹ̀. Bí mo ṣe ní kí n mú òmíràn, ó yọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ṣubú sórí sìmẹ́ńtì.

Ó mu ọmú lóòótọ́, àmọ́ oorun rẹ̀ yìí ti pọ̀ jù. Mo dúró tì yín níbi bẹ́ẹ̀dì, mo fẹ́ jí ọ, ìwé yìí ni mo wá kọ. Ẹ̀rù rẹ ń bà mí.

Mo sáré lọ pe takisí, ká gbé e lọ ọsibítù. Tó bá bì, má dúró dè mí, ké sí Abena ará ilé wa.

Tí o bá fẹ́ bú mi, inú ọkọ̀ ni kí o ti bú mi. Wọ aṣọ ná.

Ìyá Bùràímọ̀ ọkọ rẹ