Obìnrin Inú Tẹlifíṣàn Ní Kí N Na Ọwọ́ Òsì

Òkè ilé ìtẹ̀wé Yaqub,
Bájúláyé, Ṣómólú.

Rẹ̀mí ọmọ mi,

Èmi bàbá rẹ, Ikúmápàyí, ni mo mọ ijó jó jù ní gbogbo Ṣómólú àti Bàríga báyìí, títí dé Ọbáníkòró. Ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ló dúró lẹ́nu fèrèsé wa lọ́jọ́bọ̀ tí wọ́n ń wò mí, ọlọ́pàá ló wá tú wọn ká. Wonder ọmọ rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí nítorí ojú mi, ohun tí mo bá sọ gan-an ló sì ń kọ, ó ti búra. Báwo ni Àbújá, báwo ni ẹ̀kọ́ tí iléeṣẹ́ yín rán ọ lọ kọ́? Oúnjẹ ibẹ̀ yóò bá ọ lára mu, ẹni tó mú ọ lọ yóò mú ọ bọ̀ wá bá wa láyọ̀. Ara mi le, àfi apá òsì tí àìsàn rọpárọsẹ̀ fọwọ́ bà, òun nìkan ni kò tíì pinnu.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù, pé bí o bá dé lópin oṣù tí ọwọ́ náà kò bá gbéra, wàá jẹ́ kí Ọlápọ̀sí, apẹja ẹgbẹ́ mi, ra ọkọ̀ ìpẹja mi nílé, kó má baà jẹrà sétí omi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n n kò bá ọ jà. Mo ní kí Wonder tan géèmù ìdárayá tí o rà sílẹ̀ fún mi.

Kí géèmù náà tó ṣe ohunkóhun, ó béèrè orúkọ, ọjọ́ orí àti ìwọ̀n mi. Mo sọ orúkọ. Mo yọ ọdún mẹ́wàá kúrò nínú ọjọ́ orí, torí a kò mọ ẹni tó ń béèrè. Ìwọ̀n ni mo ní rárá, ẹja ni wọ́n ń wọ̀n, bí wọ́n bá sì wọ̀n ọ́ tán, títà ló kù. Wonder kọ nǹkan kan síbẹ̀, n kò mọ ohun tó kọ. Obìnrin kan wá jáde pẹ̀lú ṣòkòtò tó fún pinpin. Wonder ní kámẹ́rà kékeré orí tẹlifíṣàn ń rí mi, mo bá padà lọ wọ bùbá, mo dé fìlà, mo kí obìnrin náà pé ẹ kú ọ̀sán. Kò dáhùn. Mo tún kí i. Ijó ló bẹ̀rẹ̀.

Mo gbójú fo ìyẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló tún nà sí mi, ó ń jù ú, ó fẹ́ kí n ju tèmi padà. Rẹ̀mí, ìwọ náà mọ̀ pé láti kékeré yín n kò gbà kí ẹ fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ká má tíì sọ pé kí ẹ fi kí ènìyàn. Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó fún mi ní òdo. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, òdo. Wonder ní Bàbá, géèmù ni, kò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Mo ní bí òun kò bá mọ̀ ọ́n, èmi mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n kàn díbọ́n. Mo ní n kò dàgbà tó báyìí kí n wá máa díbọ́n àìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún ọ, ká tilẹ̀ ní mo fẹ́ nà án, n kò mọ̀ bóyá yóò lọ. Ó sàn kí obìnrin náà rò pé mo gbéraga.

Ọmọ rẹ gbọ́n, ọgbọ́n ìgboro. Ó tú inú géèmù náà títí ó fi kan omi. Ọkọ̀ kan wà lórí omi, èmi ni wọ́n fi sínú rẹ̀, àmọ́ irun àwòrán náà pọ̀ ju tèmi lọ. Wonder ní kí n máa ju ọwọ́ bí ẹni ń tukọ̀. Mo ní ta ló ń fi ọwọ́ lásán tukọ̀, kó gbé àjẹ̀ wá. Ó gbé igi tí ẹ fi ń nulẹ̀ wá. Èyí kì í ṣe kíkí, iṣẹ́ ni, ọwọ́ méjèèjì ló ń ṣe é, torí náà mo fi ọ̀tún gbé òsì, mo gbé e lé igi náà. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ń tukọ̀ ní pálọ̀ rẹ. N kò rí ẹja kan ṣoṣo. Mo sọ fún Wonder pé àwọn tó ń fa iyanrìn ọ̀sà ní ìsàlẹ̀ Bàríga, tí ẹja fi sá lọ, ti dé inú tẹlifíṣàn.

Lọ́jọ́bọ̀, ìtì igi ńlá kan léfòó bọ̀ lápá ọ̀tún. Ẹni tó mọ omi mọ̀ pé ọ̀tún náà lèèyàn yóò ti wà á kí imú ọkọ̀ lè yà sí òsì, bí o bá sì ń wà á lọ́tùn-ún, ọwọ́ òsì ló máa ń wà lókè orí igi àjẹ̀. N kò ronú. Mo ń bú ẹni tó ju ìtì igi sómi lọ́wọ́ ni Wonder fò dìde. Mo wò ó, òkè orí mi ló ń wò. Ọwọ́ òsì mi wà lókè, ó ga ju fìlà mi lọ.

Ẹ̀rọ náà fún mi ní ìràwọ̀ márùn-ún. Bí o bá kọjá ní báǹkì, bá mi béèrè bóyá wọ́n ń gbà á pamọ́.

Nítorí náà má ta ọkọ̀ mi. Sọ fún Ọlápọ̀sí pé kó bá mi gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, mò ń bọ̀. Fi owó iná ránṣẹ́, torí bí iná bá ti lọ, ńṣe ni ọkọ̀ mi ń rì. Obìnrin inú tẹlifíṣàn sì ní kí o ra bàtà funfun tuntun fún Wonder, nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì, kí ara mi lè tètè yá. Ibi tí o bá gúnlẹ̀ sí yóò jẹ́ èbúté ire fún ọ, ìjì kò ní bá ọ lójú omi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ikúmápàyí.

Mọ́mì mi, Wonder nìyí. Ẹ kú iṣẹ́. Bàbá ti sùn lọ lórí àga, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Obìnrin yẹn kò mọ̀ mí rí, èmi ni mo fẹ́ bàtà. Bàbá kò jó ijó kankan, ọlọ́pàá kankan kò sì wá. Yaqub onítẹ̀wé nìkan ni ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn tí mo kọ sókè yẹn. Ó gòkè wá bínú pé à ń jan ilẹ̀ lé òun lórí, ó rí ọwọ́ Bàbá, ó jókòó. Èyí tó jẹ mọ́ ọwọ́ yẹn, n kò fi nǹkan kan kún un. Yaqub ló bu tàdáwà fún wa. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé òsì láti orí itan wá sórí ìwé yìí, ó pẹ́ díẹ̀, a dúró dè é. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ó ní kẹ́ ẹ má bínú pé ọwọ́ òsì lòun fi kí yín.