Ẹ Jẹ́ Kí Nọ́ọ̀sì Inú Yàrá Aṣọ Wo Ọmọ-Ọmọ Mi

Ilé tó kọjú sí Ilé-Ìfìwéránṣẹ́,
Òpópónà Ilé-Ìwé Gíga.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Sí Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé-Ìwòsàn Ìjọba,
Òpópónà Ilé-Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ NÍTORÍ ÌKÓKÓ TÍ KÒ LÈ MU ỌMÚ, ÀTI Ẹ̀SÙN ÈKÉ TÍ MO FI KAN NỌ́Ọ̀SÌ YÍN

1. Kí n tó tọrọ ohunkóhun, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tó ń tọrọ. Nígbà tí ọmọkùnrin mi wà ní ìkókó, mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ yín pé nọ́ọ̀sì tí ń kọ́ àwọn ìyá bí a ti ń fún ọmọ lọ́mú fi tipátipá ya ọmọ mi lẹ́nu títí ó fi ṣe é léṣe, àti pé ó rí ìyàwó mi fín. Irọ́ ni ẹ̀sùn méjèèjì. Ohun tí nọ́ọ̀sì náà ṣe ni pé ó fọ ọwọ́, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ọmọ, ó sì sọ fún mi pé ẹran kékeré tó rọ̀ sílẹ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ pín sí méjì, àti pé àjà ẹnu rẹ̀ là lábẹ́ awọ, níbi tí ojú kò ti lè tètè rí i. Ó ní ìdí nìyẹn tí wàrà fi ń gba imú rẹ̀ jáde. Ohùn nọ́ọ̀sì lọ sókè, èrò sì pọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí nígbà náà. Ojú tì mí pé àwọn tí mo ń kọ́ lọ́mọ ń gbọ́ pé àbùkù wà lára ọmọ tèmi.

2. Ìgbìmọ̀ gbà mí gbọ́, nítorí pé kálámù mi mú ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Wọ́n gbé e kúrò nídìí àwọn ọmọ, wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkókó mọ́. Nílé, mo ní ọmú ìyàwó mi ni kò dára. Ó gba ẹ̀bi náà láìjiyàn, ó ń fi ṣíbí kékeré bọ́ ọmọ náà títí ó fi yè. Ọmọ náà dàgbà, ó ń ránmú. Mo sọ fún un pé ibà ló ba ohùn rẹ̀ jẹ́. Télọ̀ ni lónìí. Bí oníbàárà bá wọlé, á fi sísọ́ọ̀sì lu tábìlì kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti rí wọn, nítorí kò fẹ́ kí òun máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

3. Lẹ́yìn ọdún tuntun, ìyàwó rẹ̀ bí ọmọbìnrin. Bí ìkókó náà bá ti fa ọmú díẹ̀, wàrà á gba imú jáde, á sín, á húkọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n. Á tún gbìyànjú títí òógùn á fi bo iwájú orí rẹ̀, lẹ́yìn náà oorun àárẹ̀ á gbé e lọ láìyó. Àwọn aṣọ tí bàbá rẹ̀ rán sílẹ̀ dè é ń tóbi sí i lára dípò kí wọ́n máa há. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wàrà gba imú rẹ̀ jáde lójú wa, ìyàwó mi nù ún, kò wo ojú mi, ó ní: “Bàbá, ẹ ti rí èyí rí.” Mo dìde, mo lọ ń yí rédíò.

4. A ti gbé ọmọ náà wá sọ́dọ̀ yín lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á mirí, wọ́n á ní ọmọ àkọ́bí ni, ìyá rẹ̀ kò tíì mọ bí a ti ń gbé ọmọ sídìí ọmú. Ẹ kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò nọ́ọ̀sì yẹn láti ìgbà náà wá. Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ ti di ibi tí wọ́n ń kó àga tó kán sí. Àròyé kan ṣoṣo tí mo ní sí yín nìyẹn. Ìyókù, sí ara mi ni.

5. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin agbálẹ̀ kan rí ìyàwó ọmọ mi tó ń sunkún lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní: “Ìyá ọmọ, ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ló ń ká. Àbí bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì náà ń mu ọmú ni?” Ìyàwó ọmọ mi sáré gbé ìkókó náà lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ilé-ìwòsàn sí. Nọ́ọ̀sì gbọ́ bí ìkókó ti ń mí, ó sún mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní: “Ìyàwó mi, má bínú. Wọ́n ti fòfin dè mí. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, wọ́n á lé mi, ó sì ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìntì. Ṣáà máa gbé e nàró bí o bá ń fún un, má jẹ̀ẹ́ kó dùbúlẹ̀.” Láti ìgbà tí a ti ń wá, ìmọ̀ràn yẹn nìkan ló ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ náà kò tó. Kò béèrè ilé tí ọmọ ti wá. Kò mọ̀ pé ọmọ-ọmọ ẹni tó kọ̀wé ta ko òun ló wà níwájú òun.

6. Ìtìjú tó burú jù nìyí. Lọ́jọ́ kejì, dókítà àwọn ọmọdé yẹ ẹnu ìkókó náà wò wéré, kò rí nǹkan kan. Ó wá bi wá bóyá irú ìṣòro yìí ti ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé wa rí. Kí ọmọkùnrin mi tó la ẹnu, mo ti dáhùn pé rárá. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí a lọ máa gbìyànjú sí i. Mo gbé báàgì ọmọ náà, mo tẹ̀ lé wọn jáde. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Tèmi ti pẹ́ níkùn débi pé ó ti kan.

7. N kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Mo ti ka ìwé, mo ti pe àwọn tí mo kọ́ nílé-ìwé; kò sí èyí tó mú kí wàrà dúró nínú ọmọ náà. Mo wá bẹ̀ yín:

(a) Kí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin tí ẹ fi de nọ́ọ̀sì yìí, kí ó wo ìkókó náà lọ́la, kí ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé.

(b) Kí dókítà tún àjà ẹnu ọmọ náà yẹ̀ wò, kí ó fi ìka kàn án, kì í ṣe ojú nìkan, kí ó sì kọ̀wé fún wa sọ́dọ̀ oníṣẹ́-abẹ bí ó bá yẹ.

Ìyà tó bá tọ́ sí mi nítorí ẹ̀sùn èké, mo ti ṣe tán láti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yó ná.

8. Ìdáhùn tí mo fi du dókítà nìyí. Ẹ bá mi gbé e síwájú rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé wa. Bàbá ọmọ náà gan-an ni. Bí nọ́ọ̀sì ti wí ni ọ̀fun rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ibà kọ́ ló ba ohùn rẹ̀ jẹ́. Mo sọ ọ́ fún un láàárọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó lọ dúró níwájú dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ, ó la ẹnu, ó wò ó pẹ́. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Ó ní: “Bàbá, ẹ kọ ọ́ kó hàn gbangba, kí dókítà lè rí i kà.” Mo ti kọ ọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, tí ń retí yín,

Bàbá Tíṣà
(orúkọ tí àdúgbò ń pè mí)
Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìntì,
Bàbá àgbà ìkókó náà.