X Kan Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Òdìkejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Àsàmáù ọmọ mi. Ara mi le koko. Mo ti kó kúrò ní Rumuibekwe, yàrá yẹn ti tóbi jù fún ẹnì kan ṣoṣo. Inú ṣọ́ọ̀bù Ibinabo ọ̀rẹ́ mi ní Mile 3 ni mo ń sùn báyìí. Ó sún mọ́ ọjà.

A tún ṣe ìdánwò iṣẹ́ yẹn lánàá, ẹ̀ẹ̀kẹta mi rèé. Wọ́n kọ y = (x + 3)/(x − 2), wọ́n ní ká wá x. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣebí ọmọ tíṣà ìṣirò ni mí! Mo fi ìsàlẹ̀ sọ y di púpọ̀, ó di xy − 2y = x + 3. Mo gbé 2y sọdá, mo fi y pín gbogbo rẹ̀, mo kọ x = (x + 3 + 2y)/y. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tá a jáde ni Ibinabo, tá a jọ ṣe é, wo ohun tí mo kọ sẹ́yìn ìwé ìbéèrè mi, ó ní, “Hassanat, x still dey the other side o.”

Bàbá, ẹ ti nà mí nítorí ẹ̀ rí. Ẹ ní kí n kọ́kọ́ kó gbogbo x jọ sápá kan. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Mo ti ṣèlérí fún Àsàmáù pé bí mo bá ti yege ni màá wá mú un.

Ọlọ́hun tóbi. Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ kí Àsàmáù. Tó bá tún béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní ìṣirò kó máa ṣe.

Hassanat yín