Ìbò Tí Mo Dì fún Ẹni Tí A Jọ Du Àga

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí pé mo gbójúgbóyà kọ ìwé yìí rárá. Àwọn àgbà tó ní ilé àti ilẹ̀ ló ń kọ ìwé ìhágún. Èmi kò tíì lo oṣù méjì pé ní yunifásítì, kò sì dá mi lójú pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò la àyà mi láti tún ilẹ̀kùn kékeré kan ṣe nínú ọkàn mi, èyí tí kì í tì dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo ti kọ ohunkóhun sílẹ̀. Dókítà ní ọ̀pọ̀ ló ń jí. Ó wù mí kí n bi í pé mélòó ni ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí.

1. Èmi, Hester Delphine Rowell, ẹni ọdún méjìdínlógún, ọmọ ìlú Pell's Notch ní New Hampshire, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà, kéde pé ọpọlọ mi pé, pé ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, àti pé ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò rò pé ẹ̀rù lè sọ ìwé yìí di asán. Mo yan Àǹtí Verity Rowell, àbúrò bàbá mi tó tọ́ mi dàgbà, àti Odile Marchetti, tí a jọ ń gbé yàrá kan, gẹ́gẹ́ bí alámòójútó ìwé yìí.

2. Ahéré tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ fún mi, níbi tí a ti ń se omi igi mápù títí yóò fi ki bí oyin, pẹ̀lú ogójì korobá àti ohun èlò tí a fi ń lu ihò sára igi, mo fi í sílẹ̀ fún Àǹtí Verity. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gé igi tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan yẹn. Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: “Ọjọ́ tí igi yẹn bá wó lu ẹnìkan, Hester, ìwọ ni màá fi ọlọ́pàá mú.” Bí mi ò bá jí, ẹ kò ní rí mi fi ọlọ́pàá mú mọ́, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀.

3. Abo àgùntàn mi tó ń jẹ́ Duchess, mo fi í sílẹ̀ fún Junie Fairbrother, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àgùntàn náà máa ń kan ènìyàn. Ẹ má dúró sí iwájú rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ Junie. Nítorí ilé-ẹ̀kọ́ wa ni mo ṣe du àga: yàrá méjì, ọmọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni Orville Thibault, tó ti jókòó sórí àga náà fún ọdún méjìlélógún, ní kí a tì í, kí bọ́ọ̀sì máa kó àwọn ọmọ lọ sí òdì kejì òkè. Mo búra pé wọn ò ní tì í. Nígbà tí mo ti wọlé tán, mo lọ wo àwọn ọmọ náà ní oṣù kẹsàn-án. Junie nìkan ló wà ní kíláàsì kẹrin. Mo bi í pé báwo ni ẹ̀kọ́. Ó ní, “Èmi ni mo gba ipò kìíní, èmi náà ni mo gbẹ̀yìn. Tí mo bá ti ń wúkọ́ báyìí, gbogbo kíláàsì wa ló ń ṣàìsàn.” Mo rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, mi ò mọ ibi tí n ó dìbò sí mọ́. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ni ìgbìmọ̀ yóò pinnu. Nínú àwọn méjì tó kù, ọ̀kan fẹ́ kí a tì í, èkejì kò fẹ́.

4. Ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́ mi di ti Odile. Mo ti fi àmì sí ojú ìwé rẹ̀ gbogbo. Mo gbé e lọ sí ìpàdé mi àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúlégbóná ni a fi wákàtí méjì sọ. Nígbà tí mo nawọ́ láti sọ̀rọ̀, alága ní, “Hester, ilé ìyàgbẹ́ wà lápá òsì.”

5. Gbèsè. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo jẹ, kì í ṣe ti owó.

Ní ìpàdé ìlú ní oṣù kẹta, kí a tó dìbò, mo dìde níwájú gbogbo ènìyàn, mo ní ọdún méjìlélógún ti pẹ́ tó kí oorun gbé ènìyàn lọ lórí àga. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pín bébà tí a ó kọ orúkọ sí, pẹ́ńsù kò kárí. Ọ̀gbẹ́ni Thibault na tirẹ̀ sí mi, ó ní, “Kọ ọ́ kó hàn dáadáa, ọmọ Rowell. Lorna tó ń ka ìbò ò ríran dáadáa mọ́.” Mo gba pẹ́ńsù náà, ojú sì tì mí láti fi kọ orúkọ ara mi. Orúkọ rẹ̀ ni mo kọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tí Lorna Pike, akọ̀wé ìlú, kà á tán, ọ̀kanlélọ́gọ́ta ni tèmi, ọ̀kanlélọ́gọ́ta ni tirẹ̀. Bí ìbò bá dọ́gba lọ́dọ̀ wa, wọ́n á kọ orúkọ méjèèjì, wọ́n á mú ọ̀kan láìwò. Nínú fìlà Ọ̀gbẹ́ni Thibault fúnra rẹ̀ ni Lorna ti mú orúkọ mi. Ọkùnrin náà dé fìlà rẹ̀ padà, ó ní, “Àní fìlà mi gan-an ló dà mí,” gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kò dúró jẹ oúnjẹ ọ̀sán ìpàdé náà. Láti ọjọ́ náà, orí lásán ló ń mì sí mi lójú ọ̀nà.

Ní oṣù tó kọjá, Lorna pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ka ìbò níbí. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé gbogbo yín bí mo ṣe mọ orúkọ ajá yín. Òmùgọ̀ méjì ló wà nínú àpótí yẹn lọ́jọ́sí. Ìwọ ni ìkíní. Mi ò ní sọ èkejì.” Ó lè jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Thibault, kó jẹ́ pé orúkọ tèmi ni òun náà kọ. Ó sì lè jẹ́ ẹni tó kọ orúkọ màlúù rẹ̀, nítorí ẹnìkan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ti ṣírò rẹ̀ títí. Bí Ọ̀gbẹ́ni Thibault bá kọ orúkọ ara rẹ̀, ẹ yọ bébà tèmi àti tirẹ̀ kúrò, ẹ ó rí i pé àwọn tó fẹ́ mi fi méjì ju àwọn tó fẹ́ ẹ lọ. Àga náà tọ́ sí mi nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ orúkọ mi ló kọ, ọgọ́ta sí ọgọ́ta ni; fìlà nìkan ló yàn mí. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé èyí ni mo ń fẹ́ kó jẹ́ òótọ́.

6. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í há àga ìgbìmọ̀ bí ogún. Bí mi ò bá jí, àwọn méjì tó kù ni yóò yan ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ títí di oṣù kẹta. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yan Ọ̀gbẹ́ni Thibault. Mo mọ̀ pé yóò dìbò pé kí a ti ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àǹtí Verity, ẹ ó bínú, torí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé gbogbo ilé tó wà ní Pell's Notch láti wá ìbò fún mi. Ẹ dárí jì mí. Èmi ń ṣiyèméjì; òun mọ orúkọ gbogbo ọmọ, ó sì mọ gbogbo ibi tí yìnyín ti ń bo ọ̀nà. Bí mo bá jí, èmi ni n ó dìbò náà, kódà bí mo bá ṣì í dì.

7. Bí mi ò bá jí, kí Àǹtí Verity lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Thibault nítorí ọ̀rọ̀ oorun yẹn, kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè kan: orúkọ ta ni ó kọ? Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Mo mọ̀ pé mi ò ní lè kà á. Ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí mo bá jí, èmi fúnra mi ni n ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́ kí n tó lè dìde, mo bẹ̀ yín, ẹ pa á mọ́ sínú, ẹ má sọ ọ́ fún Lorna rárá. Bí Ọ̀gbẹ́ni Thibault bá gbọ́ kí n tó dé, yóò ti ronú ohun tí yóò sọ. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ wò kí ó tó la ẹnu.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2019.

Hester Delphine Rowell

Àwọn ẹlẹ́rìí tí ìfọwọ́sí ṣojú wọn, tí wọn kò ka ohun tó wà nínú rẹ̀:
Ludmila Brandt, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé
Wendell Tuttle, aṣọ́lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́