Fìlà Mi Lórí Ìkọ́ Wọn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Mo dé. Mi ò mọ̀wé, nítorí náà ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́ sínú fóònù yìí. Mo tẹ ibi pupa. Ẹni tó bá máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Kó má bu oyin sí i.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo wà títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Mi ò wọ ọkọ̀ tí mi ò rí ojú awakọ̀ rẹ̀ rí, àfi bàálù yìí. Awakọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ra bí ajigbèsè. Búrẹ́dì tí wọ́n fún wa le bíi pátákò ẹṣin.

Alàánú wá pàdé mi. Alàánú ni mo ń pe ọmọ mi obìnrin báyìí, nítorí àánú gbogbo ayé ló ń ṣe é, àfi ti ilé baba rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ láàárín èrò. Ó ti rù. Mo ní ṣé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà ló ń jẹ ọ́ lẹ́ran báyìí? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ gan-an. Mo wo ibòmíràn.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bá wá: kí n mú un lọ sílé. Mi ò tíì sọ fún un.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo rí ibi iṣẹ́ náà. Ilé arúgbó. Ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ eyín tí kì í rí ìfọ̀. Arúgbó tí ọmọ wọn ò yọjú sí, àti arúgbó tí kò bímọ rárá, ló kún inú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń ti ìlú òkèèrè wá láti máa fọ ìdí fún wọn. Lọ́fẹ̀ẹ́! Mo bi Alàánú pé ta ló ń sanwó fún un. Ó ní ọkàn òun ló ní kí òun ṣe é. Mo ní ọkàn kì í san owó ilé.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tiwa kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ ròde, ó fi ilé sílẹ̀ níhòòhò.

Òkè ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tí kò lè dìde mọ́. Ìsàlẹ̀ ló fi èmi sí, nínú yàrá ńlá tí àwọn tó ṣì ń rìn máa ń jókòó sí. Pákó gígùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ìkọ́ wà lára rẹ̀. Fìlà lórí ìkọ́ yìí, ìborùn lórí ìyẹn. Ọ̀kan ṣófo. Mo fi fìlà mi kọ́ ọ. Fìlà tí ìyá Alàánú fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún mi ni. Ní ìrọ̀lẹ́, òtútù ìta fẹ́ gé mi létí, Alàánú ti fìlà onírun kan bọ̀ mí lórí, ó bò mí dé ọrùn bí òkété. Mo fi tèmi sílẹ̀ níbẹ̀. Ta ló fẹ́ jí i? Àwọn wọ̀nyẹn ò lè jí ẹsẹ̀ ara wọn gbé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Wọ́n mọ iyì àgbà díẹ̀ níbí, mi ò ní purọ́.

Obìnrin kan ni ọ̀gá wọn. Kọ́kọ́rọ́ ni mo sọ ọ́, nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ ń dún ní ìbàdí rẹ̀ bí ṣaworo. Ó wo fìlà mi lórí ìkọ́, ó wò mí. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó sọ̀rọ̀ gígùn. Alàánú wà lókè, kò sẹ́ni tó máa túmọ̀ rẹ̀. Ó dà bíi pé ó ń bi mí ní nǹkan. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bí àgbà. Inú rẹ̀ dùn. Ó mú bàtà rírọ̀ wá, ó kúnlẹ̀, ó wọ̀ ọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Oúnjẹ dé, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bù fún. Omi ni, kò sí ohun à ń jẹ lẹ́nu, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bù fún.

Ó tọ́. Ẹni tó ń jẹ iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́fẹ̀ẹ́, kó tọ́jú baba ọmọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Bàbá kan ń gbé àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Kò ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu. Aláìléyín ni mo pè é. Kò gbọ́ èdè mi, èmi náà ò gbọ́ tirẹ̀. Mo ní, "Orí rẹ dà bí ọsàn tí wọ́n ti mu tán." Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ tí o bí dà, àbí ìwọ náà bí alàánú ayé?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi lórúnkún.

Òmùgọ̀. Òun nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Wọ́n gé èékánná mi. Mi ò bẹ̀ wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Alàánú ò lọ síbi iṣẹ́. A wà nínú yàrá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, sítóòfù kan. Fọ́tò ìyá rẹ̀ wà lára ògiri. Mo yí àga mi padà.

Mo sọ ọ́. Mo ní di ẹrù rẹ, ọjọ́ Ẹtì la ń lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Mo ní jọ̀ọ́ kí ni? Ìyá rẹ dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn bá dún, á ní, "Ṣé òun nìyẹn?" Èmi á ní afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ ni mò ń pè ọ́ títí ó fi kú.

Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun ń wá ọkọ̀ nígbà náà, wọ́n ti sin ìyá òun kí òun tó rí ọkọ̀. Mo ní ẹ̀yìn ìsìnkú ńkọ́? Ilé ò bá òkú lọ. Èmi náà ò bá a lọ.

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù yàrá tí Màámi kú sí ló ń bà mí. Níbí, bí ẹnìkan bá kú, mo mọ ohun tí mo máa ṣe. Nílé, mi ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀rù! Èmi tí mò ń sùn nínú yàrá náà, ta ni mo sọ fún?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ó kí mi láàárọ̀. Mo dá ògiri lóhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ìyá kan kú lókè. Kọ́kọ́rọ́ wá sídìí pákó, ó gbé ìborùn aláwọ̀ ewé kan kúrò lórí ìkọ́, ó ká a jẹ́jẹ́, ó ṣí fèrèsé. Aláìléyín pàápàá pa ẹnu gbígbẹ rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí fìlà tirẹ̀, ó nawọ́ sí tèmi, ó wá rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń tu ọmọdé nínú.

Mi ò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Àwọn aláìnítìjú!

Kọ́kọ́rọ́ mú mi lọ sókè láàárọ̀. Mo rò pé ibi iṣẹ́ ọmọ mi ló fẹ́ fi hàn mí. Ó mú mi dé ìdí bẹ́ẹ̀dì ìyá tó kú lánàá. Aṣọ tuntun ti wà lórí rẹ̀. Bàtà rírọ̀ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó fọwọ́ gbá ìrọ̀rí pẹ́pẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Alàánú gbé bàsíà jáde láti yàrá kejì, ó rí wa. Bàsíà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ẹlòmíràn dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Wọ́n sọ ọ́ síwá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn. Alàánú wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá gbé nínú ilé náà ló ń fi fìlà kọ́ ìkọ́. Bí bẹ́ẹ̀dì ò bá tíì ṣófo, á máa wá lójúmọmọ kí ara rẹ̀ lè mọlé. Ohun tí Kọ́kọ́rọ́ bi mí lọ́jọ́ tó di ọwọ́ mi mú nìyẹn: ṣé mo fẹ́ bá wọn gbé? Èmi àgbà, mo mi orí!

Mo ní, "Ó mọ̀ pé baba rẹ ni mí?"

Ó ní, "Ó mọ̀, Bàbá."

"Ó wá rò pé ìwọ lo gbé mi wá síbí?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé bàsíà nílẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Ọmọ tí kò lọ sílé nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kí ni àjèjì yóò rò tí baba rẹ̀ bá yọjú? Oúnjẹ tí mo ń jẹ bí ọba, oúnjẹ ẹni tí kò lẹ́nìkan ni.

Mo ní fìlà náà ńkọ́, báwo ló ṣe ń kúrò lórí ìkọ́? Ó ní bí onífìlà bá kú, Kọ́kọ́rọ́ á gbé e. Bí ọmọ rẹ̀ bá wá mú un lọ sílé, ọmọ náà ló máa gbé e. Mo ní ọmọ mélòó ló ti wá? Ó ní látìgbà tí òun ti dé, òun ò rí ọ̀kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mi ò lọ síbẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sí yàrá Alàánú, mo bú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bú Kọ́kọ́rọ́. Mo bú awakọ̀ bàálù. Ó ku Aláìléyín, mo rí i pé mi ò ní èébú mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹrù mi nìkan ló wà nínú ọkọ̀. A yà síbẹ̀ láti mú fìlà.

Gbogbo wọn ti jókòó. Alàánú nawọ́ sí ìkọ́. Aláìléyín rí ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, kò rọrùn fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ni àwọn yòókù bá gbè é. Arúgbó tí kì í jí lójú oorun jí. Omijé ń bọ́ lójú Aláìléyín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ kan wá! Ọmọ kan wá mú baba rẹ̀ lọ sílé!

Irọ́. Ibi tí bàálù ti ń gbéra ló ń mú mi lọ.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Fi sílẹ̀."

Ó ní, "Bàbá, fìlà tí Màámi hun nìyẹn."

Mo ní mo mọ ẹni tó hun ún. Òfin ilé yín ni pé ọmọ tó ń mú baba rẹ̀ relé ló ń gbé e. Ọjọ́ tó o bá ń bọ̀ wálé, gbé e. Bí o ò bá ní wá, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ pé mo ti kú, kí Kọ́kọ́rọ́ ká a, kó ṣí fèrèsé.

Àtẹ́wọ́ dákẹ́. Èdè wa ò yé wọn, ṣùgbọ́n ó dákẹ́. Alàánú ò sunkún. Ó kàn di etí fìlà náà mú, kò gbé e, kò fi í sílẹ̀.

Mo jáde. Mi ò wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo délé. Oòrùn pa mí lórí láti ibùdókọ̀. Fọkanáísà iwájú ilé wa, tí kò mọ̀ ju ọ̀ràn ọlọ́ràn lọ, ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Fìlà yín dà?"

Mo ní ọmọ mi ń mú un bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn dún. Mo dìde. Afẹ́fẹ́ ni.